Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé Ojú Tí Ń Ka Ìròyìn

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa sọ rédíò nígbà tí ó kọ́kọ́ dé. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n wí. Àpótí kan wà lára ògiri, ó ń sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ lálẹ́. Bí o bá bá a jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní dá ọ lóhùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ẹ bá tẹlifíṣọ̀n nílé lè máa rò pé àwàdà lásán ni orúkọ náà. Kì í ṣe àwàdà rárá. Ọ̀rọ̀ àìgbèsì yìí gan-an ni ó bí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ wa.

Ní oṣù kẹta ọdún 1953, Anthony Enahoro gbé àbá kan síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Àbá náà dá rògbòdìyàn sílẹ̀, àwọn mínísítà Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ sì fi ipò wọn sílẹ̀. Sir John Macpherson, Gómìnà tí ó ń ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ sórí rédíò, ó sì bẹnu àtẹ́ lu Awólọ́wọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ létí gbogbo ìlú. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láàyè láti fèsì lórí rédíò kan náà. Wọn kò fún un. Asọ̀rọ̀mágbèsì lóòótọ́!

Nígbà tí òfin ìlú ti 1954 wá fi àyè sílẹ̀ fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan láti ní ilé-iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ tirẹ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò jáfara. Wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion dòwò pọ̀, nígbà tí ó sì di 31 October 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn. Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ni wọ́n ń pe ara wọn, a sì ń fi yangàn títí di òní. Kí á má tan ara wa jẹ: Mòrókò ti ní tirẹ̀ ní 1954, bí kò tilẹ̀ pẹ́ tí ó fi kógbá sílé, àwọn Faransé sì ti gbé e dé Àlùjíríà ní 1956. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, Ìbàdàn ni ó ṣáájú.

Obìnrin ni ojú àkọ́kọ́ tí ó hàn nínú àpótí náà: Ìyáàfin Aníkẹ́ Agbájé-Williams, tí àwọn ènìyàn ti mọ ohùn rẹ̀ lórí rédíò tẹ́lẹ̀. Julie Coker náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Alàgbà Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀wé tí gbogbo wa mọ̀, wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà náà.

Ẹ fi èyí wé ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Nígbà tí BBC bẹ̀rẹ̀ sí ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́, ní 5 July 1954, Richard Baker ni ó kà á, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ nìkan ni aráyé gbọ́. Àwòrán ni wọ́n ń fi hàn. Òun jókòó sí kọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ń ba àwọn ọ̀gá BBC pé bí òǹkàròyìn bá rẹ́rìn-ín díẹ̀ tàbí tí ó bá fajú ro, àwọn ènìyàn yóò ní ó ń gbè sẹ́yìn ẹnì kan. September 1955 ni wọ́n tó jẹ́ kí Kenneth Kendall fojú hàn, nítorí pé ilé-iṣẹ́ mìíràn, ITN, ń bọ̀ lọ́nà lóṣù náà. Ní 1960 wọ́n gbé obìnrin kan, Nan Winton, síbẹ̀. Àwọn òǹwòran ráhùn pé iṣẹ́ obìnrin kọ́, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́. Ó di 1975 kí Angela Rippon tó máa kà á déédéé. Ẹ̀yin ọmọbìnrin wa, ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún tí ó ṣáájú ti Winton ni obìnrin ti ṣíde tẹlifíṣọ̀n n'Íbàdàn.

Dídá orúkọ pàápàá, ogun Hitler ni ó sọ ọ́ di dandan. Ní 1940, BBC pàṣẹ pé kí òǹkàròyìn orí rédíò máa dárúkọ ara rẹ̀ kí ó tó ka ohunkóhun, kí àwọn ará Jámánì má baà gba afẹ́fẹ́ kí wọ́n sì máa tú irọ́ jáde ní orúkọ wọn. Ẹni tí ó bá ti mọ ohùn Alvar Lidell kò ní gba ayédèrú. Ní 1941 wọ́n tún gbé Wilfred Pickles wá, ọmọ Yorkshire, tí ó ń fi ohùn ìlú rẹ̀ kà á. Àwọn kan fajú ro, wọ́n ní ìròyìn kò jọ òótọ́ lẹ́nu rẹ̀. (Àwa náà ńkọ́? Bí òǹkàròyìn bá ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì, a ó fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá sì fi ohùn Ìjẹ̀bú sọ ọ́, a ó ní kò kàwé.)

Kíkà á lójú-ẹsẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ eré. Òǹkàròyìn kò rí wa. Iná pupa kékeré ni ó ń sọ fún un kámẹ́rà wo ni ó wà lórí rẹ̀. Olùdarí wà nínú yàrá mìíràn, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí bí ó ti ń kàwé lọ. Gíláàsì kan wà níwájú kámẹ́rà tí ọ̀rọ̀ ń yí lórí rẹ̀, òun ni ó mú kí ó dà bí ẹni pé ojú wa ni ó tẹjú mọ́. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Bí ẹ̀rọ náà bá kọṣẹ́, orí ìwé ni yóò sá sí.

Ní 22 November 1963 tí wọ́n yìnbọn fún Ààrẹ Kennedy ní Amẹ́ríkà, ohùn Walter Cronkite nìkan ni CBS kọ́kọ́ gbé jáde, nítorí pé kámẹ́rà ayé ìgbà náà ní láti gbóná kí ó tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ hàn tán tí ìròyìn ikú sì dé, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó wo aago, ó sọ àkókò tí ààrẹ kú, ó gbé awò náà padà, ọ̀rọ̀ sì há a lọ́fun díẹ̀ kí ó tó tẹ̀síwájú. Ohun tí àwọn ọ̀gá BBC ń sá fún gan-an nìyẹn. Òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà fi ń rántí rẹ̀.

Nílé níbí, òfin 1977 kó gbogbo ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba sábẹ́ NTA. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ wá di aago ìròyìn: Bímbọ́ Olóyèdé, Cyril Stober, Ruth Benamaisia-Opia, Hauwa Baba-Ahmed. Láti 1992 ni òfin ti gba àwọn aládàáni láàyè, John Momoh tí ó ti ka ìròyìn ní NTA sì wà lára àwọn tí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti April 1984 ni a kò lè gbàgbé. Ìjọba ológun kéde pé àwọ̀ owó náírà yóò yí padà, wọ́n sì dá ọjọ́ tí a kò ní lè pààrọ̀ ti àtijọ́ mọ́. Bàbá wa kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwa tí a ń lọ ilé-ìwé láàárọ̀, tí a ń lọ ilé-kéwú lọ́sàn-án, ni ògbufọ̀ rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, pálọ̀ wa kún dẹ́nu, gbogbo àdúgbò ni ó wá wòran. Òǹkàròyìn dárúkọ ọjọ́ náà, ariwo sọ, a kò gbọ́ ọ dáadáa, ìtìjú kò sì jẹ́ kí á wí bẹ́ẹ̀. A fi ọjọ́ mẹ́wàá lé e. Kò sí ẹni tí ó bi wá léèrè. Wọ́n mọ ojú wa, wọ́n sì mọ ọmọ ẹni tí a jẹ́. Bàbá wa ní kò sí ìkánjú nígbà náà, oníkálukú sì lọ sùn.

Ní ìdájí, ìròyìn Yorùbá lórí rédíò Ìbàdàn sọ ọjọ́ náà bí ó ti rí. Bàbá pè wá. Kò nà wá. Ó ní kí á lọ sí ilé gbogbo àwọn tí ó wá lálẹ́ àná, kí á dárúkọ ara wa, kí á sọ pé àwa ni a ṣi ìròyìn túmọ̀, kí á sì sọ ọjọ́ tí ó tọ́. Ilé mẹ́sàn-án ni. Nígbà tí a dé ilé kẹsàn-án, ìyá aláṣọ-òkè ti gbéra lọ sí ọjà oko, wọn kò sì mọ ìgbà tí yóò dé. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.