Máṣíìnì Tíṣà: Ìtàn Ẹ́ńjìnnì Kékeré ní Ìbàdàn Àtijọ́

"Máṣíìnì" ni àwọn àgbà Ọjà'ba ń pe alùpùpù. "Alùpùpù" kàn jẹ́ ìró ẹnu rẹ̀ tó di orúkọ. Fẹ́sípà wà, Suzuki wà, ṣùgbọ́n Họ́ńdà fífítì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, torí òun ló rọrùn jù láti tú nílé.

Oṣù kẹjọ ọdún 1958 ni Soichiro Honda àti Takeo Fujisawa, àwọn olórí ilé-iṣẹ́ Honda, gbé C100, ọ̀kan nínú Họ́ńdà fífítì, jáde ní Japan. Ẹ́ńjìnnì 49cc ni, kò sì ní kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́. Fujisawa ló ní kí wọ́n ṣe é tí ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri yóò fi lè fi ọwọ́ kan wà á. C50 tẹ̀ lé e ní 1966. Kò ní agbára púpọ̀ o: èyí tó bá gbé èèyàn méjì gun Òkè Màpó láti Bẹẹrẹ yóò mí hẹlẹ.

Ní 1975, nígbà tí ìjọba san àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Údójì fún òṣìṣẹ́, alùpùpù wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ sáré rà. Nígbà tó yá, wọ́n fi Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Gabriel Igbinedion, sọ alùpùpù tó ń gbé èrò lórí ilẹ̀ ní ọ̀kadà.

Iṣẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ ni títún un ṣe. Fẹ́sípà fẹ́ kí a po ọ́ìlì mọ́ pẹtiróòlù. Ọ́ìlì ti Họ́ńdà wà nínú ikùn rẹ̀ lọ́tọ̀, kò fẹ́ àpòpọ̀. Bó bá kọ̀ tí kò ta, púlọ́ọ̀gì ni a kọ́kọ́ ń tú. Bí iná rẹ̀ bá rẹlẹ̀, ó di kọ́ńtáàtì tó wà lẹ́yìn mágínẹ́ẹ̀tì: a fi sándípépà tó dán fá a, a sì fi àyè tó tó 0.3 sí 0.4 mílímítà sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwọ̀n lè fi páálí sìgá ṣe é. Bí iná bá dára tí kò sì tún ta, ihò jẹ́ẹ̀tì inú kabúrétọ̀ ni ìdọ̀tí dí. Ẹnu ni kí o fi fẹ́ ẹ, má fi wáyà gún un, ihò náà yóò gbòòrò, yóò sì máa mu epo bí ọ̀mùtí.

Bí ọ̀kan bá wà lẹ́yìn ilé yín, ẹ ka nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó ra nǹkan. Orí C50 kò bá ti C100 mu.