Àkọ́rọ̀ Òjò àti Ìjẹko Màlúù Oníwàrà

Ní Òkè-Ògùn àti ní àwọn agbègbè ọ̀dàn yòókù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àkọ́rọ̀ òjò sábà máa ń rọ̀ láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ọdún. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, koríko tútù a ti bo ilẹ̀. Ẹni tí màlúù rẹ̀ fi pòròpórò àgbàdo àti èèpo gbágùúdá la ẹ̀ẹ̀rùn já a sì fẹ́ tú wọn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó ṣe sùúrù.

Omi ló pọ̀ jù nínú koríko àkọ́rọ̀. Màlúù lè jẹ ẹ́ yó, síbẹ̀ kí ohun tó jẹ má tó èyí tí yóò fi ṣe wàrà. Bákan náà, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá a da oúnjẹ nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí oúnjẹ tuntun tó mọ́ wọn lára. Bí a bá yí oúnjẹ padà lójijì, màlúù lè máa ya ìgbẹ́ gbuuru, ọ̀rá inú wàrà rẹ̀ a sì dínkù.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fún wọn ní oúnjẹ gbígbẹ láàárọ̀, kí ẹ tó kó wọn lọ sórí koríko fún wákàtí kan tàbí méjì. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Koríko pàápàá nílò àsìkò. Oúnjẹ tó fi pamọ́ sí gbòǹgbò ló fi ń hu ewé àkọ́kọ́. Bí màlúù bá ń jẹ ewé náà léraléra kí ó tó dàgbà, gbòǹgbò a rẹ̀yìn, èpò a sì gba ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èèsún ga ju orúnkún àgbàlagbà lọ kí ẹran tó wọ ibẹ̀. Nígbà tó bá sì ku nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ kó wọn lọ sí apá mìíràn. Láti ọdún 2019 ni òfin ti ń ṣàkóso dída ẹran jẹko ní gbangba ní ìpínlẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ba pápá tirẹ̀ jẹ́ ní oṣù kẹrin yóò máa ra oúnjẹ ẹran nígbà tí òjò bá ń rọ̀ lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì: ẹ má ṣe jẹ́ kí màlúù jẹ ọ̀mùnú ọkà bàbà tó ń hù láti ara kùkùté ọdún tó kọjá. Májèlé inú rẹ̀ lè pa màlúù láàárín wákàtí díẹ̀. Bí ẹran bá ń mí gúlegúle tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lẹ́yìn ìjẹko, ẹ kó ìyókù kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì pe oníṣègùn ẹranko lójú ẹsẹ̀.