Ojú Túùlù Léètì: Ìtàn Ohun Tó Ń Gé Irin ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Lórí ẹ̀rọ léètì, irin tí a ń gé ló ń yí nínú ṣọ́ọ̀kì tó dì í mú. Túùlù ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bó irin bí ẹni ń bó iṣu. Ooru tó ń jáde níbi tí irin ti ń fara gbo irin ló ń sọ túùlù di akújú. Ìdí nìyí tí ìtàn túùlù léètì fi jẹ́ ìtàn bí aráyé ṣe ń wá ohun tí ooru kò ní lè rọ̀. Ní Àpápá tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, àti ní Ajégúnlẹ̀ tó múlé tì í, tuntun kò lé àtijọ́ lọ nínú ìtàn yìí. Gbogbo wọn jọ wà lórí tábìlì tọ́nà (ẹni tó ń lo léètì) kan náà, ẹni tó bá sì mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń mọ èyí tó yẹ kó mú.

Ìgbà irin tí a ń rì bọ omi

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ti mọ̀ láti ayébáyé pé irin tó bá pọ́n nínú iná, tí a wá rì bọ omi, a máa le sí i. Ìmọ̀ yìí kan náà ni àwọn òyìnbó fi ṣe túùlù léètì wọn. Láàárín ọdún 1740 sí 1750, Benjamin Huntsman ní Sheffield bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ irin nínú ìkòkò amọ̀ kó lè dán mọ́rán. Ní nǹkan bí ọdún 1800, Henry Maudslay ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe léètì tó ń gé eyín síkúrúù, tó sì fi irin di túùlù mú dípò ọwọ́ ènìyàn. Láti ìgbà náà, àárẹ̀ kì í mú ọwọ́ tó di túùlù mú mọ́, ojú túùlù nìkan ló ń kú. Irin oníkábọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ tí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 200°C. Lọ́dún 1868, Robert Mushet po tungsten mọ́ irin, ó sì rí i pé ó ń le fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé a rì í bọ omi.

Lọ́dún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà reluwé láti Èkó. Ọgbà iṣẹ́ reluwé ní Èbúté Mẹ́ta sì di ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti kọ́ iṣẹ́ irin. Nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà yẹn bẹ̀rẹ̀, irin háísípíìdì (high-speed steel) kò tíì sí láyé.

Háísípíìdì

Láàárín ọdún 1898 sí 1900, Frederick Taylor àti Maunsel White, ní ilé iṣẹ́ Bethlehem Steel ní Amẹ́ríkà, gbé irin onítungsten sínú iná títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kó tutù. Bí háísípíìdì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n fi í hàn ní Paris lọ́dún 1900, ojú túùlù pọ́n bí ẹyin iná, síbẹ̀ ó ń gé irin lọ. Irú rẹ̀ tó gbajúmọ̀ lẹ́yìn náà ní tungsten ìdá 18, chromium ìdá 4 àti vanadium ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún. Líle rẹ̀ dúró títí di nǹkan bí 600°C. Nígbà tí tungsten wọ́n, wọ́n fi molybdenum dípò púpọ̀ nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni irú tí wọ́n ń pè ní M2 ti jáde.

Kábáídì

Lọ́dún 1923, Karl Schröter ní ilé iṣẹ́ Osram ní Jámánì fi cobalt lẹ lúbúlúbú tungsten carbide pọ̀, ohun tí a ń pè ní kábáídì nìyẹn. Ilé iṣẹ́ Krupp gbé e jáde fún títà lọ́dún 1926 pẹ̀lú orúkọ Widia. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn àkọ́kọ́ ní Àpápá. Kábáídì ń fara da ooru tó tó 900°C. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, etí kékeré tí a fi síkúrúù dè, tí a ń yí padà bí ojú kan bá kú, gbilẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ìpara tín-ín-rín bò ó lójú. Àwọ̀ ara páálí rẹ̀ ń sọ iṣẹ́ rẹ̀: búlúù fún irin lásán, yẹ́lò fún stéńlẹ́ẹ̀sì, pupa fún irin káàsì.

Bí iṣẹ́ ṣe dé Ajégúnlẹ̀

Àjọ tó ń bójú tó èbúté bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1955. Ilé iṣẹ́ Flour Mills bẹ̀rẹ̀ sí lọ ìyẹ̀fun ní Àpápá lọ́dún 1962, wọ́n sì ṣí èbúté Tin Can lọ́dún 1977. Níbi tí ẹ̀rọ bá pọ̀ sí, ṣáàfù àti búùṣì á máa jẹ. Nígbà tí ìjọba mú ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP wọlé lọ́dún 1986, tí náírà sì já wálẹ̀, ẹ̀yà ẹ̀rọ láti òkè òkun di ọ̀wọ́n. Tọ́nà Ajégúnlẹ̀ tó lè fi irin àlòkù ṣe ṣáàfù tuntun wá di ẹni tí wọ́n ń wá kiri.

Bí a ṣe ń yàn án

Ẹ jẹ́ ká mú ṣáàfù irin rírọ̀ tó fẹ̀ ní mílímítà 60. Bí a bá fẹ́ kí ojú háísípíìdì gé mítà 25 ní ìṣẹ́jú kan, ṣáàfù gbọ́dọ̀ yí ní nǹkan bí ìgbà 130 láàárín ìṣẹ́jú náà. Bí ó bá jẹ́ mítà 120 la fẹ́ kí kábáídì gé, yóò yí ní nǹkan bí ìgbà 640. Léètì àtijọ́ tí kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀, tàbí tó ń gbọ̀n, kò ní fún ẹni tó ra kábáídì ní èrè owó rẹ̀.

Iná mànàmáná náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí túùlù ṣì wọ inú irin, tí ṣáàfù sì dúró gbagidi, etí kábáídì sábà máa ń bù, torí ó le ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fọ́. Háísípíìdì kì í tètè bù bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni fún iṣẹ́ tó ní ihò tàbí igun tí túùlù yóò máa kọlù léraléra. Fún búùṣì idẹ, a máa ń pọ́n orí túùlù kó tẹ́jú pẹrẹsẹ, torí bí ó bá dà sẹ́yìn púpọ̀, yóò wọ idẹ, yóò sì fà á ya. Háísípíìdì ló rọrùn jù láti pọ́n sí irú ojú bẹ́ẹ̀. Irin káàsì àti stéńlẹ́ẹ̀sì, lórí ẹ̀rọ tó dúró ṣinṣin, kábáídì ló yẹ wọ́n.

Ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. A lè ti háísípíìdì bọ omi nígbà tí a bá ń pọ́n ọn lórí gíráńdà. Bí a bá ti kábáídì gbígbóná bọ omi, yóò sán. Òkúta gíráńdà aláwọ̀ ewé ló sì yẹ kábáídì.

Ní ọjà Owódé Onírin ní Èkó, tí àlòkù pọ̀ sí, ọwọ́ àti ojú ni òṣùwọ̀n. Kábáídì wúwo tó ìlọ́po méjì irin tó tóbi bákan náà. Háísípíìdì ń ta iná pípọ́n dúdú díẹ̀ lára gíráńdà, irin oníkábọ̀nù sì ń ta iná funfun tó ń fọ́ bí ìràwọ̀. Ẹni tó bá ra irin lásán ní iye háísípíìdì, àárín iṣẹ́ ni yóò ti mọ̀.

Bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀gá tó bá dá ọmọ iṣẹ́ dúró nídìí gíráńdà kí ó tó fọwọ́ kan léètì. Kí ọmọ iṣẹ́ tó ṣe fíríìdọ̀mù, ó yẹ kó lè sọ ìdí tó fi mú túùlù kan tó fi èkejì sílẹ̀: irin wo ló fẹ́ gé, báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń sáré, ṣé iná yóò dúró. Ẹni tó bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yẹn lè fi léètì tó ti gbó ṣe iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ńlá ní Àpápá yóò gbà láìṣiyèméjì.