Alùpùpù Méjì tí Honda Ṣe: CB125 àti CG125

Ẹni tí ó bá dúró díẹ̀ ní Alabar, àdúgbò ọjà ní Kùmásí, ìlú tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ti ṣòwò kí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn padà sílé, kò ní pẹ́ rí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ará Gánà ń pè ní aboboyaa, tí ó ru ẹrù ọjà kọjá. Ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì wọn. Ṣùgbọ́n àwòkọ iṣẹ́ Japan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Alùpùpù Honda CG125 ni baba ńlá wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtàn CG yìí kò lè ṣe aláìmọ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, CB125.

CB ni orúkọ tí Honda fi ń pe àwọn alùpùpù asáré rẹ̀. Ní ọdún 1959 ni CB92 jáde, tí ó ní sílíńdà 2. Ní nǹkan bí ọdún 1971 ni CB125S, onísílíńdà 1, tẹ̀lé e. Orí ẹ́ńjìnnì gan-an ni ọ̀pá tí ń ṣí fáàfù wà, ṣéènì ni ó sì ń yí i. Ètò yìí ni ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì náà lè yí kíákíá, kí eré rẹ̀ sì dùn mọ́ ẹni tí ń gùn ún. Ṣùgbọ́n epo tí ó mọ́ ni irú orí bẹ́ẹ̀ ń fẹ́, lóòrèkóòrè.

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí owó kò ti pọ̀, alùpùpù kì í ṣe ohun ìṣeré. Òun ni ó ń gbé bàbá, ìyá, ọmọ àti ẹrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nínú eruku, pẹ̀lú epo tí a kò pààrọ̀ títí ó fi dà bí ẹrẹ̀. CB kò lè fara da ìyà yìí. Honda kò bá àwọn oníbàárà wí. Ó rán àwọn ẹlẹ́rọ rẹ̀ lọ fi ojú ara wọn wo bí wọ́n ti ń lò ó.

Èso ìrìn-àjò náà ni CG125, tí ó jáde ní ọdún 1976. A sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ sí ikùn ẹ́ńjìnnì, a sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ 2 ti fáàfù láti ìsàlẹ̀. A fi àpótí bo ṣéènì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí eruku má bàa jẹ ẹ́. Agbára rẹ̀ dín díẹ̀ sí ti CB, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà lè fi spánà díẹ̀ tún un ṣe. Ní ọdún 1976 kan náà ni Honda bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Manaus ní ilẹ̀ Brasil. Nígbà tí ó yá, Pakistan náà ń ṣe é.

Wàyí o, èwo ni ó sàn? Ẹni tí ń kó alùpùpù àtijọ́ jọ, tí ó sì fẹ́ràn eré, CB ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tú orí ẹ́ńjìnnì wò kí ó tó sanwó, nítorí ibẹ̀ ni epo búburú ti ń kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ẹni tí ó fi alùpùpù wá oúnjẹ òòjọ́, CG ni kí ó mú. Àwọn tí ń kó nǹkan àtijọ́ jọ lè fojú tín-ín-rín CG nítorí pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí páàtì rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣì pé ṣòro rí, nítorí iṣẹ́ ni a fi wọ́n ṣe títí wọ́n fi gbó.

Ẹwà iṣẹ́ ọwọ́ ni CB fi hàn. CG fi hàn pé ẹni tí yóò ṣe nǹkan fún ènìyàn yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ wo bí ayé ẹni náà ti rí.