Eérú, Sódà àti Àríyànjiyàn Àwọn Aláró Abẹ́òkúta

Ní 1936, ìgbìmọ̀ ìwádìí kan jókòó ní Abẹ́òkúta lórí ọ̀ràn tí béèsì kan dá sílẹ̀. Kọ́sítìkì sódà ni béèsì náà; àwọn obìnrin aláró sì ni ọ̀ràn ọ̀hún kàn gbọ̀ngbọ̀n.

Kíkan ni a fi ń mọ ásíìdì, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ti ń kan. Béèsì ní tirẹ̀ korò lẹ́nu, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Bí a bá pa àwọn méjèèjì pọ̀, wọn a máa sọ agbára ara wọn di aláìlágbára. Béèsì tí ó lè yòrò nínú omi ni à ń pè ní álíkálì, orúkọ tí ó ti èdè Lárúbáwá wá, láti ara eérú ewéko.

Eérú yìí gan-an ni àwọn aláró Ẹgbá ń lò. Wọn a da omi sórí rẹ̀ nínú ìkòkò tí a lu nídìí, omi náà a sì máa kán sínú ìkòkò mìíràn nísàlẹ̀. Aró inú ewé èlú kì í yòrò nínú omi lásán. Inú omi eérú, bí ewé náà ti ń rà, ni ó ti ń yí padà di ohun tí ó lè wọ inú òwú. Aṣọ a jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ a sì sọ ọ́ di àwọ̀ aró lójú ẹni. Ahọ́n ni òṣùwọ̀n wọn: aláró a tọ́ omi eérú wò kí ó tó gbà pé ó ti múná tó. Ní 1909 ni S. P. L. Sørensen gbé òṣùwọ̀n pH kalẹ̀ ní Dẹ́nmáàkì. Ahọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, bí kò tilẹ̀ lè sọ iye.

Sódà gba aláró lọ́wọ́ wàhálà igi àti eérú, ṣùgbọ́n kò ṣeé tọ́ wò, nítorí ó ń jó ẹran ara. Nígbà tí ọjà adìrẹ dẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, tí àwọn oníbàárà láti Sẹ̀nẹ̀gà àti ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Gánà lónìí kò rà tó bí ti àtẹ̀yìnwá, àwọn kan di ẹ̀bi náà ru sódà. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin dè é. Ẹni tí ó bá rò pé àwọn obìnrin ni yóò gbèjà eérú ìbílẹ̀ ṣì í rò: àwọn ni wọ́n tako òfin náà. Judith Byfield kọ ìtàn wọn sínú ìwé The Bluest Hands.

Ní tèmi, ẹ̀sùn pé sódà ni ó ba aṣọ jẹ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó, nítorí òwú ń fara da álíkálì ju ásíìdì lọ. Awọ ọwọ́ tí ń ti aṣọ bọ inú ìkòkò ni kò lè fara dà á.