ÌTÀN TA NI À Ń KỌ́ NÍPA OGUN ÌJÀYÈ?

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń múra ìdánwò ìtàn pé kí ni ó fa Ogun Ìjàyè, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀: Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀ láti gba Adélù ní Aláàfin, Ìbàdàn sì gbé ogun dìde láti gbèjà ọba. Ìdáhùn yìí kì í ṣe irọ́, olùkọ́ yóò sì fún un ní máàkì. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, a óò rí i pé ẹjọ́ apá kan ni, àti pé apá tí ó ṣẹ́gun ni ó rò ó fún wa. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti to ẹjọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn síwájú òǹkàwé: ti Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, ti Ìjàyè, ti Ẹ̀gbá, àti ti àwọn tí ó gbé ìròyìn ogun náà sórí ìwé. A kò wá láti dá Kúrunmí láre, bẹ́ẹ̀ ni a kò wá láti dá Ìbàdàn lẹ́bi. Ohun tí a ń wá ni ibi tí olúkúlùkù ẹlẹ́rìí dúró sí nígbà tí ó ń sọ tirẹ̀, nítorí pé ibi tí ènìyàn bá dúró sí ni ojú rẹ̀ ti ń ríran.

Ibi tí Gbogbo Ẹnu Kò Sí

Àwọn ohun kan wà tí kò sí àríyànjiyàn lórí wọn. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé tú ní nǹkan bí 1836, Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọjà. Ọba ni, ṣùgbọ́n agbára ogun kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọwọ́ àwọn jagunjagun tí ó wà ní ìlú méjì ni agbára wà: Ìbàdàn àti Ìjàyè. Nítorí náà, Àtìbà fi Olúyọ̀lé ti Ìbàdàn jẹ Baṣọ̀run, ó sì fi Kúrunmí ti Ìjàyè jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ìbàdàn ni yóò máa dojú kọ Ìlọrin ní ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn; Ìjàyè ni yóò máa mójú tó ìhà ìwọ̀-oòrùn, títí kan àwọn ìlú Òkè-Ògùn.

Ètò yìí dára lójú, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan. Bí ọba kò bá ní ọmọ ogun tirẹ̀, ta ni yóò pààlà láàárín balógun méjì? Ní nǹkan bí 1844, ìlú méjèèjì ti wọ̀yá ìjà nínú Ogun Bátẹ̀dó, tí ẹnikẹ́ni kò fi borí ẹnì kejì. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, ìjà ti ń rúgbó bọ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 1860, ogun bẹ́. Ìjàyè tú ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1862. Lẹ́yìn èyí, Ẹ̀gbá àti Ìbàdàn gbé ìjà náà lọ sí ilẹ̀ Rẹ́mọ, kò sì tán títí di 1865, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gómìnà Glover láti Èkó tú Ẹ̀gbá ká ní Ìkòròdú.

Ẹjọ́ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn

Ìwé tí ó sọ ẹjọ́ yìí di mímọ̀ jù lọ ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tún tò, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Gẹ́gẹ́ bí Johnson ti wí, àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Àtìbà fẹ́ kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, jọba lẹ́yìn òun. Ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn olóyè Ìbàdàn, wọ́n gbà. Kúrunmí kò gbà. Lẹ́yìn ikú ọba, kò forí balẹ̀ fún Adélù.

Ohun tí ó wá dá iná ogun sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ogún. Obìnrin olówó kan tí ó ń jẹ́ Abu kú ní Ìjànná láìní ọmọ. Aláàfin ni irú ogún bẹ́ẹ̀ tọ́ sí, ó sì ránṣẹ́ lọ kó o. Àwọn ará Ìjàyè dá àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ lọ́nà. Ọ̀yọ́ pè é ní ọ̀tẹ̀ sí ọba. Ìbàdàn ní ojúṣe àwọn ni láti gbèjà adé.

Kí òǹkàwé kíyè sí ibi tí Johnson dúró sí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìran rẹ̀. Sàró ni a bí i sí ní 1846, àwọn òbí rẹ̀ sì mú un wá sí Ìbàdàn ní 1857. Inú ìlú tí ó ń jagun ni ó wà ní ọmọdé nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀. Òpìtàn tí ó fi òtítọ́ ṣiṣẹ́ ni, kò sì bo gbogbo ohun tí ó lè tàbùkù Ìbàdàn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́ kí á mọ̀ pé Balógun Ibíkúnlé kò fẹ́ ogun náà, pé Ògúnmọ́lá ni ara rẹ̀ ń yá gágá sí i. Ẹ̀rí yìí ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbèjà ọba nìkan ni ọ̀rọ̀ náà, kí ni ó dé tí àwọn olóyè Ìbàdàn fi ń jiyàn láàárín ara wọn?

Ẹjọ́ Ìjàyè

Ìṣòro tí ó wà níbí ni pé kò sí ọmọ Ìjàyè ìgbà náà tí ó jókòó kọ ìtàn ìlú rẹ̀ bí Johnson ti kọ tirẹ̀. Kúrunmí kú ní 1861 kí ìlú náà tó tú. Àwọn tí ó yè fọ́n ká, púpọ̀ nínú wọn sá lọ sí Abẹ́òkúta. Ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn.

Síbẹ̀, a lè tún ẹjọ́ náà tò láti inú ohun tí àwọn alátakò wọn gbà. Èkíní ni ọ̀rọ̀ àṣà. Kúrunmí kò dá òfin tuntun sílẹ̀; àṣà tí ó bá nílẹ̀ ni ó ní kí wọ́n tẹ̀ lé. Àtìbà ni ó yí i padà. Òótọ́ ni pé Johnson sọ pé àṣà náà kò sí láti ìbẹ̀rẹ̀, pé nígbà àtijọ́ ọmọ a máa jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àṣà àti ọ̀tẹ̀ ni ó kọlu ara wọn ní 1860. Àṣà méjì ni: èyí tí ó pẹ́ jù àti èyí tí ó sún mọ́ wọn jù. Olúkúlùkù mú èyí tí ó gbè é.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Abẹ́ ìtọ́jú Ìjàyè ni Àtìbà fi ìhà ìwọ̀-oòrùn sí. Bí ọba tuntun bá wá ń nawọ́ sí àwọn ìlú tí ó wà níbẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé Ìbàdàn ni igi lẹ́yìn ọgbà rẹ̀, kò ṣòro láti mọ ohun tí Kúrunmí yóò rò. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ogún Abu ti kọjá ọ̀rọ̀ ẹrù obìnrin kan. Ààlà ilẹ̀ ni.

A kò ní torí èyí sọ Kúrunmí di ẹni ire. Johnson ṣàpèjúwe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláṣẹ tí ọwọ́ rẹ̀ le, tí ó gba ipò olórí gbogbo òrìṣà ìlú mọ́ra. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ ènìyàn le ní ilé rẹ̀ yàtọ̀ sí kí ó jẹ́ òun ni ó fa ogun.

Ẹjọ́ Ẹ̀gbá

Ẹ̀gbá ti bá Ìjàyè jà rí, síbẹ̀ wọ́n kó ogun wá ràn án lọ́wọ́. Kí ni ìdí rẹ̀? Ilẹ̀ tí Ìbàdàn jókòó lé, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni tẹ́lẹ̀ kí ogun tó lé wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Wọ́n rí i pé bí Ìjàyè bá ṣubú, kò sí ẹni tí yóò dá Ìbàdàn dúró mọ́. Ọ̀nà Èkó tún wà níbẹ̀, èyí tí ìbọn, ẹ̀tù àti iyọ̀ ń gbà wọlé. Ẹ̀gbá ń bẹ̀rù Dàhòmì, tí ó ti kọlù wọ́n ní 1851, wọ́n sì gbọ́ àhesọ pé Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ń bá Dàhòmì sọ̀rọ̀ sí wọn. Yálà àhesọ náà jẹ́ òótọ́ tàbí kò jẹ́ òótọ́, àwọn tí ó gbà á gbọ́ gbé ìbọn nítorí rẹ̀.

Ìrànlọ́wọ́ náà kò sì mọ́ tónítóní. Johnson kọ ọ́ pé nígbà tí ebi mú Ìjàyè, àwọn òbí kan fi ọmọ wọn sọ́wọ́ Ẹ̀gbá nítorí oúnjẹ, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà kò sì padà. Ẹlẹ́rìí láti apá kejì ni ó sọ èyí. Kí a gbà á pẹ̀lú ìṣọ́ra, ṣùgbọ́n kí a má ṣe jù ú nù.

Ogun Náà Nínú Ìwé Ìròyìn

Ohun tí ó mú Ogun Ìjàyè yàtọ̀ sí àwọn ogun tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ni pé òun ni ó kọ́kọ́ bá ìwé ìròyìn nílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1859, Henry Townsend, òjíṣẹ́ C.M.S., bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó ń jáde. Owó ẹyọ ọgọ́fà ni wọ́n ń tà á. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1860, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ète Townsend ni pé kí ìwé kíkà mọ́ àwọn ènìyàn lára, iṣẹ́ rere sì ni ó ṣe fún èdè wa.

Ṣùgbọ́n kí a wo ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà wà. Abẹ́òkúta wà nínú ogun. Láti 1846 ni Townsend ti ń gbé láàárín Ẹ̀gbá, ó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ àti olùdámọ̀ràn fún àwọn olóyè wọn. Ọ̀nà láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ti dí. Ìròyìn tí ó lè tètè dé orí tábìlì rẹ̀ ni èyí tí ó bá ti ibùdó Ẹ̀gbá wá. Ìbàdàn kò ní ìwé ìròyìn tí yóò fi fèsì, Ìjàyè kò sì ní.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ti David Hinderer. C.M.S. kan náà ni ó rán an níṣẹ́, ìgbàgbọ́ kan náà ni òun àti Townsend ń wàásù rẹ̀. Ìbàdàn ni ó ń gbé láti 1853. Nígbà ogun, ọ̀nà dí mọ́ òun àti Anna ìyàwó rẹ̀, ebi pa wọ́n, wọ́n sì ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Àkọsílẹ̀ Anna tí a tẹ̀ ní 1872 jẹ́rìí sí i. Hinderer gbèjà Ìbàdàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Townsend gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá. Adolphus Mann, òjíṣẹ́ C.M.S. mìíràn, wà ní Ìjàyè, ó sì káàánú Ìjàyè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan náà, ṣùgbọ́n odi ìlú tí olúkúlùkù wà nínú rẹ̀ ni ó fi ń wo ogun. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ fún àlejò, báwo ni yóò ti rí fún ọmọ onílé?

Lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó tí ń ka ìwé ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ogun náà jẹ́ ni ogun kíkó ẹrú tí ó dí ọ̀nà ìhìnrere àti ọ̀nà òwú. Lóòótọ́, a kó ẹrú. Àmọ́ àlàyé yìí kò jẹ́ kí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ òfin, ipò àti ààlà wà nínú rẹ̀ bí ó ti ń wà nínú ogun àwọn náà. Ní Èkó, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbà ní 1861, Ìwé Ìròhìn kò dùn mọ́ Gómìnà Freeman nínú nítorí pé ó ń gbè sẹ́yìn Ẹ̀gbá. Nígbà tí Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tí ó ti rí Ìjàyè fúnra rẹ̀ kí ó tó tú, fẹ́ dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó ní 1863, gómìnà náà kò fẹ́ ẹ. Ìwé ìròyìn ti di ohun ìjà. Ìwé Ìròhìn kógbá sílé ní 1867, nígbà tí rògbòdìyàn tí a mọ̀ sí Ìfọ́lé lé àwọn òjíṣẹ́ Òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta.

Àwọn Òpìtàn Òde Òní

Ní 1964, J. F. Adé Àjàyí àti Robert Smith tẹ ìwé kan jáde lórí ogun jíjà láàárín àwọn Yorùbá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Nínú rẹ̀, Àjàyí fi àkọsílẹ̀ àwọn òjíṣẹ́ C.M.S. àti ti ìjọba wé ọ̀rọ̀ Johnson. Àǹfààní iṣẹ́ náà ni pé ó gbé wa kúrò lórí ìwà ẹnì kan, ó sì mú wa dé orí bí agbára ṣe pín lẹ́yìn ìṣubú Ọ̀yọ́-Ilé.

Ní 1969, Ọlá Rótìmí gbé eré Kúrunmí sórí ìtàgé ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ṣì ń lọ lọ́wọ́; ó di ìwé ní 1971. Eré náà sọ Kúrunmí di akọni tí àṣà àti ìgbéraga jùmọ̀ ṣubú lé lórí. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ Kúrunmí láti inú eré yìí, tí wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sínú ìdáhùn ìtàn. Kí olùkọ́ kìlọ̀ fún wọn: eré onítàn lè jẹ́ kí á mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dun ènìyàn tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ìkádìí

Kí ni kí olùdánwò kọ, nígbà náà? Kí ó ya okùnfà tí ó jìnnà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó sún mọ́ ogun. Èyí tí ó jìnnà ni àìlágbára ọba lẹ́yìn 1836, balógun méjì tí kò sí onílàjà láàárín wọn, àti ìjà lórí ọ̀nà òwò àti àwọn ìlú abẹ́ ẹni. Èyí tí ó sún mọ́ ni oyè Adélù. Ogún Abu ni ẹ̀taná lásán. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ ẹni tí ó ti ẹnu rẹ̀ gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń tọ́ka sí Johnson, kí ó rántí Ìbàdàn. Bí ó bá ń tọ́ka sí Ìwé Ìròhìn, kí ó rántí Abẹ́òkúta.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ máàkì lọ. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ Ìjàyè wà nínú kíláàsì wa. Bí a bá ń kọ́ wọn lọ́dọọdún pé agídí bàbá ńlá wọn nìkan ni ó tú ìlú wọn, a ń dá ẹjọ́ tí ẹnì kan kò sí níbẹ̀ láti rò. Ìlú tí ó tú kò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sì ní òpìtàn. Ohun tí ó kù tí a lè ṣe fún un ni pé, kí á tó dá ẹjọ́, kí á kọ́kọ́ béèrè ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀.