Ọ̀pá gíà ọkọ̀ Ìjàpá: Bí a ṣe ń tún un ṣe kí ó lè padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó jáde nílé-iṣẹ́

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òwe yìí ló yẹ kí ó máa wà lọ́kàn ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe. Bí ẹnì kan ní Ṣàngó, ní Ìbàdàn, bá jogún Volkswagen Ìjàpá tí bàbá rẹ̀ fi ń lọ síbi iṣẹ́, tó sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà padà sípò, ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kí wọ́n ha ọ̀pá gíà rẹ̀, kí wọ́n kùn ún ní ọ̀dà fàdákà, kí wọ́n sì fi orí tuntun tó ń tàn yanran dé e. Lójú ẹni tó ń kọjá lọ, ọkọ̀ ti dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ha á tán, ẹ̀rí tó wà lára ọ̀pá náà nípa bó ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti pa rẹ́, kò sì sí oníṣẹ́ ọwọ́ tó lè dá a padà mọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe yẹ kó lọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ibi tí Ìjàpá tiwa ti wá

Ferdinand Porsche ló ṣe àgbékalẹ̀ ọkọ̀ yìí ní Jámánì kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogun náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́pọ̀ yanturu fún aráàlú ní ìlú Wolfsburg. Nígbà tí èyí tó gbẹ̀yìn jáde ní Mexico lọ́dún 2003, iye tí wọ́n ti ṣe káàkiri àgbáyé ti lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún (21).

Nílẹ̀ wa, odidi ọkọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó wọlé láti òkè òkun. Lọ́dún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Badágìrì ní Èkó. Kì í ṣe Ọjọ́ọ̀ tiwa tó wà lókè Yunifásítì Ìbàdàn ni à ń wí. Ọdún yẹn kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí Leyland fi ń to Land Rover pọ̀ níhìn-ín ní Ìbàdàn. Àsìkò náà kò jìnnà sí ìgbà tí owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé di ọlọ́kọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe kò gbọdọ̀ gbàgbé. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀yà ara tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Èkó, láti Brazil ni wọ́n ti ń kó wọn wá, kì í ṣe láti Jámánì nìkan. Kódà, ọkọ̀ Igala tí a mọ̀ nílẹ̀ yìí, ọmọ ìyá Brasília ti Brazil ni. Nítorí náà, Ìjàpá tí wọ́n tò pọ̀ ní Èkó àti èyí tó ti Wolfsburg wá kì í ṣe ìbejì. Ìwé tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì lè sọ pé orí ọ̀pá gíà àwọn ọkọ̀ àtijọ́ a máa ní àwọ̀ eyín erin, àti pé dúdú ni ti àwọn tó dé lẹ́yìn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ nípa ọkọ̀ tiwọn ni. Ọkọ̀ tó wà níwájú yín gan-an ni kó jẹ́ ìwé tí ẹ ó kọ́kọ́ kà.

Bí ọ̀pá gíà náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, ibẹ̀ náà sì ni àpótí gíà rẹ̀ wà. Ọ̀pá tí awakọ̀ ń dì mú wà ní iwájú, lórí òkìtì gbọọrọ tó la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá. Irin gígùn kan wà nínú òkìtì náà tó ń gbé ohun tí ọwọ́ awakọ̀ bá ṣe lọ sẹ́yìn. Níwájú, irin yìí ń gba inú búṣì kékeré kan kọjá. Lẹ́yìn, ó so mọ́ ìdè oní-rọ́bà kan tó wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, kí ó tó dé àpótí gíà.

Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá náà ni orí róbótó kan wà, pẹ̀lú sípíríǹgì, rọ́bà ìbora àti irin pẹlẹbẹ kan. Irin pẹlẹbẹ yìí ni kì í jẹ́ kí gíà ìfàsẹ́yìn ṣèèṣì wọlé: awakọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀ kí ó tó lè fà á sí òsì àti sẹ́yìn. Bí irin náà bá jẹ, tàbí tí wọ́n dá a padà lódì, ẹni tó ń wá gíà kejì lè bá ara rẹ̀ lẹ́nu gíà ìfàsẹ́yìn. Iṣẹ́ yìí kọjá ti ẹwà nìkan, ẹ̀mí èèyàn náà wà nínú rẹ̀.

Kí a tó tú u

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ fi òkúta dí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì yọ wáyà bátìrì. Ẹ fi fóònù ya àwòrán ọ̀pá náà láti iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bóòtù méjì péré ló dè é mọ́lẹ̀, sípánà 13 ló sì ń tú wọn. Bí wọ́n bá ti jáde, ẹ gbé ọ̀pá sókè jẹ́jẹ́, kí ẹ tún ya àwòrán irin pẹlẹbẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí etí kan rẹ̀ ró sókè, ibi tí etí náà kọjú sí ṣe pàtàkì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ kan ṣoṣo.

Tí orí ọ̀pá kò bá fẹ́ yọ, ẹ má fi páláyà fà á. Ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ rẹ aṣọ, kí ẹ fi wé e fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ wá fi awẹ́ túúbù táyà dì í mú, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí a ṣe ń ka ẹ̀rí ara rẹ̀

Ibi tí oòrùn àti àtẹ́lẹwọ́ kò dé ni òótọ́ máa ń fara pamọ́ sí. Lára ọ̀pá gíà, irú ibi bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ló wà: abẹ́ rọ́bà ìbora, ibi òwú tí orí ọ̀pá bò mọ́lẹ̀, àti abẹ́ irin tí bóòtù méjèèjì gbà wọlé. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ gírísì àtijọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ má fi tínà tàbí pẹtiróòlù bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí lẹ́yìn náà, ìbáà ṣe ọ̀dà dúdú, ọ̀dà eérú tàbí irin dídán, òun ni àwọ̀ tí ẹ ń wá.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ti kùn ún léraléra, ẹ mú sáńpépà tó kúnná, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ fi lọ ojú ibi kan tí kò ju owó kọ́bọ̀ lọ. Bí ẹ ṣe ń lọ ọ́, àwọn ọ̀dà náà yóò máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan yóò yí èkejì ká bí òrùka. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni àgbà gbogbo wọn. Ẹ má lọ ọ́ ní gbígbẹ o, nítorí ọ̀dà àtijọ́ lè ní òjé nínú, eruku rẹ̀ kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá ti àwọn ọmọdé.

Dídá àwọ̀ padà

Tí ọ̀pá náà bá jẹ́ ọlọ́dà, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń po ọ̀dà ọkọ̀, kí ó fi ibi tí ẹ lọ yẹn ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ sọ fún un pé kí dídán rẹ̀ mọ níwọ̀n, torí ọ̀dà ayé ọjọ́un kì í dán bí dígí, ẹ má sì jẹ́ kí ó fi ọ̀dà aláìláwọ̀ bò ó lójú. Ẹ̀ẹ̀mejì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàn ju ẹ̀ẹ̀kan tó nípọn lọ. Ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ kan orí róbótó ìsàlẹ̀. Gírísì nìkan ni tibẹ̀.

Tó bá jẹ́ kúróòmù, ẹ má fi sáńpépà kàn án rárá. Kúróòmù fẹ́lẹ́ púpọ̀ lórí níkẹ́ẹ̀lì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá ti dípẹtà tó-tò-tó, ẹ ká bébà aluminiọ̀mù tí wọ́n fi ń wé oúnjẹ, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ fi nù ún. Ìpẹtà náà yóò wá. Tí kúróòmù bá ti bó, oníṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè tún un ṣe, ẹ má dán an wò nílé: omi kẹ́míkà tí wọ́n ń lò lè fa jẹjẹrẹ. Ọ̀dà fàdákà inú agolo kì í ṣe kúróòmù, kò sì lè jọ ọ́ láé.

Orí ọ̀pá tó jẹ́ ike, ọṣẹ àti omi ni tirẹ̀. Tó bá ti ṣú, sáńpépà 2000 tó tutù, lẹ́yìn náà ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ lórí aṣọ funfun, yóò mú ojú rẹ̀ padà. Tí ibi tí ọwọ́ bàbá yín ti ń dì í bá ti jẹ díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ohun tí ojú kò rí

Ẹwà òde kò wúlò bí gíà kò bá wọlé. Búṣì iwájú máa ń jẹ, rọ́bà ìdè ẹ̀yìn sì máa ń rún, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi máa ń mì bí igi inú afẹ́fẹ́. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀. Ìdè ẹ̀yìn ní dabaru olórí igun mẹ́rin tí wọ́n fi okùn irin dè kó má baà tú. Ẹ rí i pé ẹ tún un dè. Àdúgbò ń jẹ́ Ṣàngó lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ògún ló nirin, Ògún kì í sì í fẹ́ àìbìkítà.

Ní ọjà Araromi ní Agodi Gate, ẹ lè wá àwọn ẹ̀yà ara wọ̀nyí. Bí búṣì kò bá sí, ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin lè fi nọ́lọ́ọ̀nù gbẹ́ ọ kan, bí ẹ bá mú èyí tó jẹ dání fún un gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Ohunkóhun tí ẹ bá pààrọ̀, ẹ kó àtijọ́ rẹ̀ sínú àpò, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ fi pamọ́. Ẹlòmíì lè nílò ẹ̀rí náà lọ́la.

Dídá a padà

Ẹ fi gírísì tuntun sí orí róbótó àti irin pẹlẹbẹ, kí ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà bí àwòrán ṣe fi hàn. Ẹ má tíì de bóòtù méjèèjì le. Ẹ ki gíà kejì, kí ẹ sún ìdí ọ̀pá náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi nàró dáadáa, kí ẹ wá dè é. Ẹ dán gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò kí ẹ́ńjìnnì tó tan, kí ẹ tún gbìyànjú láti ki ìfàsẹ́yìn láìtẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀. Tó bá wọlé, iṣẹ́ kò tíì parí; ẹ tú u padà.

Ìjàpá tó ṣẹ́ kù lójú pópó wa kò pọ̀ mọ́, láti Mọ́kọ́lá títí dé Ọjọ́ọ̀. Èyí tí a bá ha, tí a kùn ní àkùnkù, yóò máa rìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè jẹ́rìí mọ́ nípa àwọn tó tò ó pọ̀ àti àwọn tó fi owó iṣẹ́ wọn rà á. Èyí tí a bá fi sùúrù tọ́jú ni àwọn ọmọ wa yóò fi mọ bó ṣe rí gan-an.